Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Oṣù: Èrò Mi Lórí Àwọn Tí Ń Kọ Ìrìn Ìràwọ̀ Sílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, 'Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù.' Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ìyá mi àgbà, ọ̀rọ̀ ọmọ aráyé nìkan ni mo rò pé ó ń sọ: pé kí a má ṣe rí ẹni méjì tí wọ́n jọ ń rìn kí a sì pe ọ̀kan ní ìránṣẹ́ èkejì. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó ro ohun mìíràn mọ́ ọn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò wo ojú ọ̀run ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àgùàlà á fara ti oṣù bí ajá ṣe ń fara ti olówó rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tún ṣú ní ọjọ́ kejì, oṣù á ti sún lọ sí ìhà ìlà oòrùn, àgùàlà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tí ó wà lánàá. Bí ó bá fi di ọjọ́ karùn-ún, àárín àwọn méjèèjì ti jìn. Ẹni tí ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan ni ó pe àgùàlà ní ajá. Ẹni tí ó wò wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, tí ó sì rántí ibi tí ó rí wọn sí lánàá, ni ó mọ òtítọ́.

Mo fi òwe yìí ṣíde ọ̀rọ̀ nítorí ìbéèrè kan tí ọ̀rẹ́ mi bi mí nínú yàrá wa ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá. Ó bá ìwé kan lórí ibùsùn mi tí ó sọ bí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń wọn ìrìn ìràwọ̀, tí wọ́n sì ń kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí iye wọn fi lé ní bílíọ̀nù kan. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Àwọn tí ń ṣe é pàápàá, ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Ẹni tí ń ka ìràwọ̀ àti ẹni tí ń ka yanrìn etí òkun, èwo ló sàn nínú wọn?' Ẹnu mi wọhò lọ́jọ́ náà. Èsì tí n kò rí fún un ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, nítorí ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀ gidi. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ayé tí a ń gbé inú rẹ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí ìrìn rẹ̀ fi hàn sí ojú lásán. Àwọn ìràwọ̀ gidi yàtọ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n ń yọ ní ìlà oòrùn tí wọ́n sì ń wọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn, ṣùgbọ́n ayé ni ó ń yí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ lójú wa. Bí wọ́n ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kì í yẹ̀. Bí àwọn baba ńlá wa ti bá wọn ni àwa náà bá wọn. Abájọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi gbà fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún pé ńṣe ni a kàn wọ́n mọ́ ojú ọ̀run bí ìgbà tí a kan ìṣó mọ́ pákó.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ já èyí ní irọ́ ni Edmond Halley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1718. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò fi ojú ara rẹ̀ rí ìràwọ̀ kankan tí ó rìn. Inú ìwé ni ó ti rí i. Ó gbé àkọsílẹ̀ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ kalẹ̀: ti Hipparchus, tí ó wo ìràwọ̀ ní erékùṣù Rhodes ní nǹkan bí ọdún 129 ṣáájú ìbí Jésù, àti ti Ptolemy, tí ó kọ ìwé tirẹ̀ ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù. Ó fi wọ́n wé ohun tí a rí ní ayé tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ ìyípadà kan tí ó kan gbogbo ìràwọ̀ kúrò, ìyẹn èyí tí ó wá nítorí pé ayé ń mi orí lọ́ra bí òkòtó tí ọmọdé ta, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ojú ọ̀run jọ ń yẹ̀ ní nǹkan bíi dìgírì kan ní ọdún 72. Nígbà tí ó yọ ìyẹn tán, ó ku ìràwọ̀ mẹ́ta tí ìṣirò wọn kò bá ti ẹgbẹ́ mu: Sirius, Arcturus àti Aldebaran. Wọ́n ti kúrò níbi tí àwọn ará àtijọ́ kọ wọ́n sí. Arcturus ti sún ju ìbú òṣùpá méjì lọ. Ẹni tí ó ti kú láti nǹkan bí 1,800 ọdún ni ó la Halley lójú.

Ẹ wo bí ìrìn náà ti lọ́ra tó. Bí a bá pín òbírí ojú ọ̀run sí ọ̀nà 360, dìgírì ni a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá tún pín dìgírì kan ṣoṣo sí ọ̀nà 3,600, kí ẹ sì gbà mí láyè kí n pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyẹn ní 'bíńtín'. Ìbú òṣùpá tó nǹkan bíi 1,800 bíńtín. Nínú gbogbo ìràwọ̀ tí a mọ̀, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lójú ọ̀run ni èyí tí E. E. Barnard, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rí ní ọdún 1916 nígbà tí ó fi fọ́tò àtijọ́ wé fọ́tò tuntun. Bíńtín mẹ́wàá àti díẹ̀ ni ó ń rìn ní ọdún kan. Ìyẹn ni pé sáré-sáré wọn gan-an á lo nǹkan bí 175 ọdún kí ó tó rin ìbú òṣùpá kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ jaburata nínú àwọn yòókù ni kò rin bíńtín kan ní ọdún kan. Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ṣùgbọ́n ti ìràwọ̀ lọ́ra ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Ojú ènìyàn kan kò lè rí i kí ó tó kú. Ohun tí ẹ̀mí ẹnì kan kò lè rí, ẹ̀mí mẹ́wàá lè rí i, bí àwọn tí ó ṣáájú bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Orí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Ẹ wo James Bradley, tí ó ń wọn ipò ìràwọ̀ ní Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi kú ní ọdún 1762. Nígbà tí ó kú, àwọn àjogún rẹ̀ àti ìjọba ń fa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ó sì di ọdún 1798 kí apá kìn-ín-ní tó jáde. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Bessel, ẹni tí ó ti ṣe akọ̀wé ọlọ́jà rí, ni ó jókòó ti ìwé olóògbé yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó ṣe ìṣirò ìràwọ̀ tí ó lé ní 3,000 láti inú rẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1818. Bí a ti mọ ibi tí ìràwọ̀ wà nígbà ayé Bradley ni a fi mọ bí wọ́n ti rìn tó. Bessel kò dúró níbẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé Sirius kì í rìn gún régé. Ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ẹnì kan ń fà lápá lókùnkùn. Ní ọdún 1844 ó kéde pé ìràwọ̀ mìíràn tí a kò rí ni ó ń fà á. Ó kú ní 1846, kò rí i. Ní 1862, Alvan Graham Clark ń dán awò ńlá tuntun kan wò ní Amẹ́ríkà, ó yí i sí Sirius, ìràwọ̀ kékeré náà sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Bessel ti wí. Àkọsílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí i kí ojú tó rí i.

Ní ọdún 1887, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ pàdé ní Paris, wọ́n sì pinnu láti ya fọ́tò gbogbo ojú ọ̀run sórí àwo gíláàsì. Àwọn ilé ìwòràwọ̀ káàkiri ayé pín iṣẹ́ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí àwọn tí ń ṣe ọ̀wẹ̀. Wọ́n rò pé kò ní pẹ́. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kú, ogun àgbáyé méjì bá a lẹ́nu rẹ̀, àwòrán ojú ọ̀run tí wọ́n fẹ́ yà kò sì parí délẹ̀délẹ̀. Apá kejì iṣẹ́ náà, tí í ṣe wíwọn ipò ìràwọ̀ lórí àwo gíláàsì, di iṣẹ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, obìnrin sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ní ilé ìwòràwọ̀ Póòpù ní Vatican, sísítà ìjọ Àgùdà mẹ́rin ni wọ́n fi sídìí rẹ̀ láti 1910 títí di 1921. Ọ̀kan á tẹjú mọ́ awò, á máa pe iye, èkejì á máa kọ ọ́. Ìràwọ̀ tí ó tó ìdajì mílíọ̀nù ni wọ́n kọ báyìí. Ó di ọdún 2016 kí ayé tó gbọ́ orúkọ wọn.

Àwọn kan sọ nígbà náà pé iṣẹ́ yìí ti fi àkókò àwọn onímọ̀ ṣòfò, pé nígbà tí àwọn mìíràn ń wá ohun tuntun, àwọn wọ̀nyí ń ka ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí. N kò bá wọn jiyàn pé iṣẹ́ náà tóbi ju agbára àwọn tí ó dáwọ́ lé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ó ti parí. Ní ọdún 1989, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi sátẹ́láìtì kan tí wọ́n pè ní Hipparcos ránṣẹ́ sí òfurufú láti wọn ìràwọ̀. Ní 2000, wọ́n mú ohun tí ó rí, wọ́n fi wé àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, pàtàkì jù lọ nínú wọn sì ni ti àwo gíláàsì wọ̀nyẹn. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí ìrìn ìràwọ̀ mílíọ̀nù 2.5. Sátẹ́láìtì mọ ibi tí ìràwọ̀ wà lónìí. Àwọn sísítà ni ó mọ ibi tí ó wà lánàá. Bí ọ̀kan bá ṣaláì sí, èkejì kò lè dá sọ bí ìràwọ̀ ti rìn tó ní gbogbo ọdún àárín náà. Ẹni tí ó gbin orógbó kò jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n igi náà so.

Èyí tí ó wá tẹ̀lé e ni Gaia. Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni wọ́n fi ránṣẹ́, ó ń wo ojú ọ̀run láti ibi tí ó jìnnà sí ayé tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kìlómítà, títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 tí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Àkójọ tí wọ́n gbé jáde láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ní ìparí ọdún 2020 ní ipò ìràwọ̀ tí ó súnmọ́ bílíọ̀nù 1.8, ìrìn bílíọ̀nù 1.46 sì wà nínú wọn. Ní ti àwọn tí ìmọ́lẹ̀ wọn pọ̀ dáadáa, ó wọn ìrìn wọn débi pé ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọn ìbú irun orí kan láti 1,000 kìlómítà, èyí tí ó jìnnà ju bí ẹyẹ ṣe máa fò tààrà láti Èkó dé Kánò lọ.

Ọ̀rẹ́ mi á tún béèrè pé, 'Lẹ́yìn náà ńkọ́?' Lẹ́yìn náà, a wá mọ ẹni tí í ṣe ajá ẹni àti ẹni tí kì í ṣe. Ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ kọjú sí àríwá. Ẹ ó rí ìràwọ̀ méje tí wọ́n tò bí ìgbákọ. Ẹni tí ó bá wò wọ́n á ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Ní 1869, Richard Proctor fi ìrìn wọn hàn pé márùn-ún nínú wọn ni ó ń lọ sí ibì kan náà. Èyí tí ó wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ ìgbákọ àti ọ̀kan tí ó wà ní ẹnu rẹ̀ ń lọ sí ọ̀nà tiwọn. Àjọdúró lásán ni. Ní 2018, àwọn onímọ̀ fi ìrìn tí Gaia kọ sílẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ kan ń rìn gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn: àlejò ni wọ́n, ìyókù agbo ìràwọ̀ kékeré kan tí agbo ńlá tiwa gbé mì ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn. Ní 2024, ìràwọ̀ kan tí ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bíi ti Sirius fi ohun kan hàn tí ó wúwo tó oòrùn 33, tí ìmọ́lẹ̀ kankan kò sì lè ti inú rẹ̀ jáde. Ojú kò lè rí ohun náà láéláé. Ìrìn ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó tú u fó.

Nígbà náà, kí ni ó kàn wá? Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé owó gegere ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ná, pé ilẹ̀ tí iná mànàmáná rẹ̀ ń ṣe ségesège kò ní ohun tí ó fẹ́ fi sátẹ́láìtì ṣe. Òótọ́ ni apá kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe sátẹ́láìtì ni mo ní kí a rà. Hipparchus kò ní awò kankan. Ohun tí ó ní ni ojú, sùúrù àti ìwà kí a kọ ohun tí a rí gẹ́gẹ́ bí a ti rí i. Èyí kò gbówó lórí, síbẹ̀ òun ni ó wọ́n jù láàárín wa.

Ìwà náà le ju bí ó ti dùn-ún sọ lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó gbà pé Ptolemy kò fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀pọ̀ nínú ìràwọ̀ tí ó ní òun wò: ó mú ti Hipparchus, ó fi iye kan náà kún gbogbo wọn fún ọdún tí ó ti kọjá, ó sì pè é ní tirẹ̀. Nítorí pé iye tí ó fi kún un kéré ju bí ó ti yẹ lọ, àṣìṣe tó dìgírì kan wọ inú ìwé tí gbogbo ayé ń lò fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àkọsílẹ̀ tí a kò mọ ọjọ́ tí a kọ ọ́ kò wúlò fún wíwọn ìrìn. Èyí tí ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ jẹ́ irọ́ tún burú ju èyí tí kò sí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ara wa. A ń lọ sí abúlé ní ìsinmi láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá wa. Mélòó nínú wa ni ó ń kọ ọjọ́, orúkọ ìlú, ọjọ́ orí ẹni tí ó sọ̀rọ̀? Mélòó ni ó ń da ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ kọ, tí ó sì sọ pé òun lọ sí oko? Mo mọ ilé kan tí a ti gba ìjálá ọdẹ àgbàlagbà kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ọdẹ náà ti kú. Nígbà tí mo béèrè kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n fún mi, mo sì gbé e sí ẹ̀rọ. Orin ijó ni mo gbọ́. Ẹnì kan ti gbà á lé e lórí. Ohùn ọdẹ náà kù bí ìṣẹ́jú kan ní ìparí.

Ọ̀rọ̀ yìí tún sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kà nípa ohun tí wọ́n kéde ní ọdún 2022. Ìwé Hipparchus gan-an ti sọnù tipẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé awọ àtijọ́ kan tí ó wá láti ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní òkè Sínáì, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti ha ọ̀rọ̀ kan kúrò kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ lé e. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi yà á, ipò àwọn ìràwọ̀ kan sì yọ láti abẹ́ rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ti Hipparchus ni? Nítorí pé ó wọn ìràwọ̀ náà dáadáa, ibi tí ó kọ wọ́n sí bá bí ojú ọ̀run ti rí ní nǹkan bí ọdún 129 ṣáájú ìbí Jésù mu. Òtítọ́ tí ó kọ ni ó jẹ́rìí sí i lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ẹgbàá ọdún. Kásẹ́ẹ̀tì ọdẹ wa kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan ṣì wà tí ó kan ìràwọ̀ gan-an. Ní 1894, òyìnbó kan tí ń jẹ́ A. B. Ellis kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwa Yorùbá pé Ìràwọ̀-ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń pe Sirius, nítorí pé òun ni ó ń júwe ọ̀nà fún àwọn atukọ̀. Sirius yìí kan náà ni ọ̀kan nínú mẹ́ta tí Halley rí, òun náà ni ó ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lójú Bessel. Àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n lórúkọ, wọ́n sì ti ní iṣẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo láti ọwọ́ àlejò kò tó wa. Àwọn apẹja àti atukọ̀ àgbà ṣì wà létí ọ̀sà wa. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa rán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí wọn ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí wọ́n jókòó tì wọ́n lálẹ́, kí wọ́n na ìka sí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n béèrè orúkọ àti ìlò rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́, wákàtí àti ìlú sí i.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tí ó bá dá a lẹ́ẹ̀kan tí kò padà wò kò lè mọ ohun tí ó yí padà. Èsì mi fún ọ̀rẹ́ mi nìyí: ẹni tí ń ka yanrìn etí òkun kò fi ohun kankan sílẹ̀, nítorí ìgbì á dé lọ́la. Ẹni tí ó kọ ipò ìràwọ̀ kan sílẹ̀, tí ó sì fi ọjọ́ sí i, ti ya ojú rẹ̀ fún ẹni tí a kò tíì bí. Kí àwa náà yá a.